Orin Atukọ̀ Kì Í Gba Orúkọ Ẹlòmíràn

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ẹ̀pẹ́, n kò ní orúkọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Rábíátù ni wọ́n sọ mí, àlùfáà pe orúkọ náà sí mi létí, wọ́n pa àgbò sí i. Ṣùgbọ́n ta ló pè mí bẹ́ẹ̀ rí? Bí mo bá ń kọjá lọ, "Ọmọ Sífáwù ló ń lọ yẹn." Bí mo bá mú ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀, "Ọmọ Sífáwù, ojú ò tì ọ́?" Àní olè tí mo jà, orúkọ ìyá mi ni wọ́n fi ń pè é.

Kafáyà, ọmọ-ọmọ mi, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. O ní kí n fún ọ ní orin Tukọ̀tukọ̀, kí o lọ kọ ọ́ fún ọkùnrin kan tó fẹ́ ṣí ilé ìtajà ní Itamaga. O ní wàá yọ "tukọ̀" kúrò, wàá fi "kọ́lé" sí i, torí pé ilé ló ń kọ́. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí o sọ ọ́. O kò mọ ìdí. N kò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n kò tíì sọ pé rárá. Jókòó. Ẹ̀yin yòókù náà, ẹ gbọ́.

Ẹ kò bá Sífáwù láyé. Ìyá mi ni. Wákà ló ń kọ, orin àwa obìnrin mùsùlùmí: pátẹ́wọ́, àti sèlí, irin pẹlẹbẹ tí à ń gbá mọ́ra wọn. Kò sí wólímọ̀, kò sí ìgbéyàwó, kò sí ẹni tó ti Mẹ́kà dé, láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Ìkòròdú, tí wọn kì í ránṣẹ́ pè é. Rédíò ń gbé ohùn rẹ̀. Àwọn tí kò rí i rí mọ ohùn rẹ̀.

Mo rò pé nítorí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀, iwájú ni yóò fi mí sí. Iwájú kẹ̀? Ẹ̀yìn pátápátá, láàrin àwọn elégbè! Òun ń lé orin, àwa ń gbè é. Mulikátù ni àgbà àwa elégbè. Bí mo bá yára jù, yóò fi ìgúnpá gún mi níhà. Mo sunkún lọ bá ìyá mi. Ó ní, "Rábì, ẹni tí kò lè gbè kò lè lé. Lọ gbè." Ó tún kọ́ mi ní òfin kan: "Ohun tí olórí bá pè ni elégbè ń gbè. Elégbè kì í tún ọ̀rọ̀ ṣe." Ọdún ń gorí ọdún, mò ń gbè. Lónìí ńkọ́? Ọmọ tó bá ti lè lanu sínú fóònù, ó ti di olórin. Ẹ̀yìn ta ló ti gbè rí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí Tukọ̀tukọ̀ ti wá. A lọ ṣe wólímọ̀ ní òdìkejì ọ̀sà. Nígbà tí à ń bọ̀, ìjì dé. Ọ̀sà tó máa ń sùn jẹ́ẹ́ bí ológbò, ó dìde sí wa. Omi ń wọ inú ọkọ̀. Lámídì apẹja ló ń tu wá. Ó ń tu ọkọ̀ ṣáá, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ ń kán sínú omi, kò dúró. Nígbà tí ìdí ọkọ̀ kan iyanrìn, gbogbo wa bú sẹ́kún. Ìyá mi nìkan ló bú sórin:

"Omi ì bá gbé wa lọ,
Tukọ̀tukọ̀ gbé wa délé o."

Lámídì ní, "Ìyá Rábì, ẹ má dárúkọ mi nínú orin o! Bí ẹja bá gbọ́, wọ́n á sá fún mi." A ń sunkún, a ń rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ kò fi sí níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ìyá mi wá sọ fún wa pé, "Orin yìí, ara Lámídì ni mo wọ̀n kí n tó rán an. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́."

Nígbà tí Ọlọ́run pe ìyá mi, mo ti wà nílé ọkọ ní Ìkòròdú níbí. Àwọn elégbè ní kí n máa lé orin. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ohùn Sífáwù tutù, tèmi le. Ibi tí mo bá ti kọrin, wọn a sọ ọ́ kí n lè gbọ́: "Ìyá rẹ̀ ni oyin, òun ni afárá." Mo gbọ́. Mo ń kọrin lọ. Mo sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ìyá mi ni n óò ṣe, ṣùgbọ́n orúkọ ara mi ni wọn yóò fi pè mí kí n tó kú. Ohun tí mò ń lépa nìyẹn. Kò sí òmíràn.

Àlàájì kan wá wà nígbà náà, Àlàájì Bílọ́ọ̀kù ni wọ́n ń pè é, torí ilé ló ń kọ́ kiri. Ó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ́nà Agric. Ilé náà dára... ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ta ni? Ilẹ̀ opó kan ni, Ìyá Sùlé. Kò pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ kú ni Àlàájì gba ilẹ̀ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Gbogbo àdúgbò mọ̀. Gbogbo àdúgbò dákẹ́. Nígbà tó fẹ́ ṣílé, òun àti Mulikátù wá bá mi.

Ó ní, "Ọmọ Sífáwù, Tukọ̀tukọ̀ nìkan ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n èmi kì í tu ọkọ̀. Kọ́lékọ́lé ni kí o pè mí."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Àlàájì. Orin yẹn ti ní ẹni tó ni ín."

"Apẹja tó ti kú?"

"Apẹja tó gbé wa délé, sà. Ẹ̀yin ńkọ́, ta lẹ gbé délé? Ìyá Sùlé wà níta."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹnu rẹ mú ju ti ìyá rẹ lọ. Ohùn rẹ ni kò tó tiẹ̀."

Mulikátù fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Rábì, má ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni! A yọ tukọ̀, a fi kọ́lé sí i, ó parí. Kí ló wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Bó bá kéré tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí Àlàájì fi wọ bàtà wá a wá?"

Ó pòṣé. Ó ní tí n kò bá lé e, òun yóò lé e. Gbogbo elégbè bá a lọ, kò ku ẹyọ kan. Ó wá ku èmi àti sèlí mi. Ọkọ mi ní, "Ṣé o kò ní bẹ̀ wọ́n?" Mo ní n kò ní bẹ̀ wọ́n. Ẹ rò pé kò dùn mí? Ó dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dunni kọ́ ló ń sọ ohun tó yẹ kéèyàn ṣe.

Ọjọ́ ìṣílé pé. N kò lọ. Ilé mi kò jìnnà, mo jókòó sẹ́yìnkùlé, mò ń ha ìpẹ́ ẹja. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń pariwo. Mo gbọ́ tí Mulikátù gbé orin náà. Ẹ gbọ́ o: ohùn "tukọ̀" ń sọ̀ kalẹ̀, ohùn "kọ́lé" ń gòkè. Orin kò gbà á. Mulikátù bá ń sáré kí ó lè bá pátẹ́wọ́ mu, ẹnu rẹ̀ kò ráyè là dáadáa. Kí ló jáde?

"Kólékólé gbé wa délé o!"

Ha! Kólékólé! Olè afọ́lé! Elégbè kì í sì í tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ohun tí olórí pè ni wọ́n gbè, wọ́n gbè é tagbáratagbára: "Kólékólé gbé wa délé o!" Àlàájì kò tètè gbọ́ ọ. Ó na apá agbádá méjèèjì, ó ń jó. Ni mo bá gbọ́ ohùn Ìyá Sùlé láti ojú títì: "Ó gbé e! Ẹ tún un kọ, ó gbé e lóòótọ́!"

Ẹ̀rín sọ ní gbogbo àdúgbò tó dákẹ́ yẹn. Àwọn ọmọdé gba orin náà, wọ́n gbé e lọ. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kú lójijì.

Lọ́jọ́ kejì Mulikátù wá. "Rábì, ẹnu ló yọ̀."

Mo ní, "Ẹnu kò yọ̀. Aṣọ ni kò bá ara mu."

Ó dorí kodò. Mo ní, "Bọ́ sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi. Wá gbè."

Ṣé Ìyá Sùlé gba ilẹ̀ rẹ̀? Kò gbà á. N kò ní purọ́ fún yín. Ilé náà wà níbẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n Ilé Kólékólé ni ọlọ́kadà ń pè é. Èmi náà wá rán orin tuntun fún Ìyá Sùlé, tó tọ́ ọmọ rẹ̀ láìjẹ́ kí wọ́n tọrọ jẹ. Ara rẹ̀ ni mo wọ̀n. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Itamaga, obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí kígbe láàrin èrò: "Rábíátù, tún un lé!" Rábíátù... Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ọ̀rọ̀ tó kàn.

Irun mi ti ń funfun kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà. Àwọn òbí yín fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Màámi, kí lẹ fẹ́ fi ìwé ṣe?" Lọ́jọ́ kan olùkọ́ wa kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó: kólé. Ó ní kí n kà á. Mo kà á. Ó wá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì kékeré kan sábẹ́ lẹ́tà o: kọ́lé. Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di omijé. Ó ní, "Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀?" Kí ni ǹ bá sọ? Àmì tí kò tó hóró ata ló wà láàrin ẹni tó kọ́lé àti ẹni tó kólé. Ẹ̀yin sì wà níbí, ẹ ń kọ Yorùbá lórí fóònù láìfi àmì kan sí i, ẹ ní ayé ń yára.

Kafáyà, mú fóònù náà wá. Jẹ́ kí n rí ohun tí o kọ. "Kole kole gbe wa dele." Ọmọ mi, èwo ni? Ṣé o mọ ọkùnrin náà? Ṣé o mọ ẹni tó ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀? O ń mi orí. O kò mọ̀.

Ó dára, èsì mi nìyí: rárá. Ti Lámídì ni ti Lámídì. Dìde lọ sí Itamaga, bi àwọn ará àdúgbò ohun tí ọkùnrin náà ń ṣe. Bó bá ti ṣe rere, wọn ara rẹ̀, kí o rán orin tirẹ̀. Ohùn mi ti gbó, ṣùgbọ́n n óò wá, n óò dúró lẹ́yìn rẹ, n óò gbè fún ọ.

Ṣùgbọ́n ronú dáadáa kí o tó lanu. Ohun tí o bá pè ni n óò gbè. N kò ní tún un ṣe.