Ọgọ́rùn-ún Mítà Orí Ebè

Ẹ má tún sọ ọ́ mọ́, Bọ̀dá Ọlọ́runṣògo! Ẹ má tún sọ fún mi pé ẹ̀rọ kì í parọ́, torí gbólóhùn yẹn náà lẹ fi di ìyá mi lẹ́nu lóko Iresa lọ́jọ́ yẹn, òun náà ló sọ obìnrin tó bí mi di ẹni tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín káàkiri agbo ilé. Wallahi, mi ò wá jà. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá ṣọ́ọ̀bù yín kiri ní Takie yìí. Bó bá jẹ́ ìjà ni mo bá wá, ariwo ni ǹ bá kọ́kọ́ pa. Ẹ ṣáà jẹ́ n sọ̀rọ̀.

Mọ̀ríámọ̀ lorúkọ ìyá mi, bóyá ẹ ti gbàgbé, ẹ̀yin tí ẹ ń wọn ilẹ̀ onílẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí bàbá wa kú, ẹbí ní kí ìyá mi àti Bàbá Dámisí, àbúrò bàbá wa, pín oko. Wọ́n ní kí ìyá mi mú ọgọ́rùn-ún mítà láti etí odò, kí Bàbá Dámisí mú èyí tó kù. Ṣé ìyá mi bá wọn jiyàn? Rárá o! Ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn, torí ó mọ̀ pé igi kajú mẹ́fà tí òun àti bàbá wa jọ gbìn á bọ́ sínú ọgọ́rùn-ún náà. Ni wọ́n bá pè yín.

Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ ìwọnlẹ̀ yín dé, èyí tó dà bí ọ̀pá tí wọ́n fi táyà sí nídìí, tí nọ́ńbà ń gorí nọ́ńbà bí ẹ bá ṣe ń yí i lọ. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó tẹ́jú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, àbí kò sí? Ẹ dáhùn! Ó wà. Ṣùgbọ́n koríko ti bò ó, oòrùn sì ń mú, ẹ ò lè dúró kí wọ́n ṣán an, lẹ bá yí kẹ̀kẹ́ yín gba orí ebè iṣu ìyá mi kọjá. Ó gun ebè, ó sọ̀ sí poro, ó tún gun òmíràn. Ìyá mi ń sáré tẹ̀ lé yín, ó ní, "Ọmọ mi, gígùn ilẹ̀ nìkan kọ́ lò ń wọ̀n yìí o, o ń ka gíga ebè mọ́ ọn." Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ẹ̀rọ kì í parọ́! Ibi tí ọgọ́rùn-ún pé sí lẹ kan èèkàn mọ́, igi kajú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì bọ́ sí òdìkejì. Ìyá mi tẹ̀ka sí ìwé tí wọ́n fi pín ilẹ̀ náà. Kí ni kó ṣe? Gbogbo ọkùnrin ilé ló dúró yí i ká!

Lọ́jọ́ kejì, ó ra okùn. Téèpù tí mo fi ń ránṣọ ló fi wọ̀n ọ́n, ó gé e ní mítà mẹ́wàá géérégé, ó ṣán ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀, ó sì fa okùn láti etí odò dé ìdí èèkàn. Dípò okùn mẹ́wàá, mẹ́jọ àti díẹ̀ péré! Ó tún un fà, okùn mẹ́jọ àti díẹ̀ náà ni. Ó mú ẹjọ́ lọ bá baálé agbo ilé wa, ìyẹn ní òun ò lè torí okùn arúgbó da ìwé nù. Ojoojúmọ́ ló ń fà á. Wọ́n ní ikú ọkọ ti dà á lórí rú. Èmi gan-an, kí Ọlọ́run foríjì mí, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká okùn yìí nílẹ̀, ẹ ń dójú tì wá." Èmi Mùínàt tó bí!

Bàbá Dámisí ò dúró. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó mú àwọn tó ń fi ẹ́ńjìnnì la igi wá, wọ́n gé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lulẹ̀, ó fi sun èédú. Ìyá mi jókòó sí apá tirẹ̀ lẹ́bàá èèkàn, ó ń wò wọ́n. Kò sunkún. Ó kàn ń ka bí wọ́n ṣe ń ṣubú ni. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ju ìkíni lọ.

Ẹ̀yin náà, ojú yín kọ́ ló ṣe nísinsìnyí? Mo ní kí ẹ yí kẹ̀kẹ́ láti ẹnu ọ̀nà yìí dé ìdí òpó iná, lórí ilẹ̀ títẹ́: mítà mẹ́wàá. Mo ní kí ẹ tún un yí, kí ẹ gba orí òkìtì yanrìn àwọn bíríkìlà yẹn kọjá. Mélòó ló kà? Ẹ kà á síta! Méjìlá! Ṣé òpó iná ló rìn ni? Subhanallahi!

Ẹ ní kí n má bínú? Ẹ ní ìwé ti jáde, ìyá mi ti tẹ̀ka, àti pé bí ẹ bá yí ohùn padà, ta ni yóò tún pè yín síbi iṣẹ́? Mo gbọ́. Lọ́yà wo lèmi náà fẹ́ gbà? Ta ló máa jí igi tó ti di èédú? Apá mi ò ká yín, kò ká Bàbá Dámisí, abẹ́rẹ́ àti òwú ni mo mọ̀. Bọ̀dá, kó máa jẹ ilẹ̀ náà lọ. Ẹ ṣáà wọ ọkọ̀ tẹ̀ lé mi lọ sí Iresa. Ẹ dúró níwájú obìnrin yẹn, lójú gbogbo agbo ilé, kí ẹ sọ ọ́ ketekete pé, "Ìyá, orí yín pé. Èmi ni mo ṣìṣe." Ẹ ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí lẹ wá ń wolẹ̀ sí? Ẹ dìde. Mo kúnlẹ̀ rèé, Bọ̀dá, nínú yanrìn níbí, lójú àwọn oníbàárà yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde.