Ajá Baba Ken àti Ilẹ̀ Tó Ń Rú Èéfín

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi fi ògo fún Ẹni tó fà mí yọ nínú omi gbígbóná! Ògo ni fún un. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni mo fi dúró níwájú yín láàárọ̀ yìí, dókítà sì ti sọ pé àwọn lè gé ọ̀kan. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí èmi ti ṣì í ṣe, torí tí mo bá fi í sí ìgbẹ̀yìn, ẹ̀rù á bà mí, mi ò ní sọ ọ́ mọ́. Èmi ni mo tú okùn lọ́rùn ajá náà. Ọwọ́ mi yìí ni. Mi ò lè sọ pé Èṣù ni.

Káyọ̀dé ni orúkọ mi. Ọ̀pọ̀ yín mọ̀ mí sí ọmọ tó wà lọ́dọ̀ Auntie Bísí, àbúrò ìyá mi, tí a jọ ń gbé ní Glyndon Estate. Mi ò kàwé púpọ̀, mi ò parí girama kí n tó wá sí ìlú òyìnbó níbí. Iṣẹ́ Auntie Bísí ni pé kí wọ́n máa tọ́jú àwọn àgbàlagbà nílé wọn, ọ̀kan nínú wọn sì ni Baba Ken, òyìnbó kan tó ń gbé ní Woolwich Dockyard. Crossness, níbi tí wọ́n ti ń fa omi ẹ̀gbin ìlú, ni Baba Ken ti ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Jean ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ajá ìyàwó náà ló kù pẹ̀lú rẹ̀ nínú ilé, abo ajá kan tí etí rẹ̀ kan funfun, Molly lorúkọ rẹ̀. Orúnkún baba kò gbé e mọ́, ló bá gbà mí kí n máa mú Molly rìn láràárọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé á mọ ohun tí mò ń sọ. Ní Ìkòròdú tí mo dàgbà sí, ẹ̀yìnkùlé ni ajá ń gbé, òkò la sì ń sọ lù ú. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣe ni mo máa ń na apá mi tán kí ajá náà lè jìnnà sí mi. Molly kò bínú. Á rìn, á dúró, á bojú wẹ̀yìn, bíi pé òun ni wọ́n ní kó mú mi rìn. A máa ń tẹ̀lé etí odò láti Woolwich títí dé Thamesmead. Tí a bá dé adágún omi tó wà níbẹ̀, màá tú u lókùn kó mu omi. Á mu, á gbọn ara, á sì rin mí gbingbin. Mo wá fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni. Ṣùgbọ́n mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ìyá mi ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọ́fíìsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹnu mi ni wọ́n sì ti gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan Baba Ken pè mí jókòó. "Kay," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "ṣé o lè wakọ̀ lọ ibi tó jìn?"

"Báwo ló ṣe jìn tó, sà?"

"Italy."

Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó ní lẹ́yìn ìgbéyàwó òun àti Jean, àwọn lọ sí òkè kan níbẹ̀ tí iná wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ láti ayébáyé, tí omi ń hó jáde fúnra rẹ̀, tí èéfín ń yọ láàárín òkúta. Jean jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan níbẹ̀. "Mi ò lè gun òkè yẹn mọ́," ó ní. "Bá mi mú Molly lọ, kí o ya fọ́tò rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì náà. Mo fẹ́ rí i kí n tó kú."

Èmi, baba àti Molly, ọjọ́ méjì la fi wakọ̀. Ní ibodè, wọn ò béèrè nǹkan kan lórí ìwé ìrìnnà Molly. Tèmi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Baba Ken ní, "Má bínú, Kay. Òun ló rẹwà jù nínú wa."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ gun òkè náà, ó jókòó síwájú ilé tí a wọ̀ sí, ó ń mu tíì. Ó ní, "Má tú u lókùn o. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń tan ènìyàn jẹ. Á dà bíi pé ó le, kò le."

"Ó ti yé mi, sà."

Ẹ̀yin ará, mi ò rí irú ibẹ̀ rí. Ilẹ̀ funfun bí eérú, ibòmíràn pupa bí ẹni da epo sí i. Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ gba gbogbo afẹ́fẹ́. Ẹrẹ̀ ń hó kutukutu bí ẹ̀kọ lórí iná. Wọ́n fi igi ṣe ọgbà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n sì ya àwòrán ẹni tó ń jìn sínú ihò kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Molly ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè níkọ̀ọ̀kan torí ilẹ̀ gbóná. Níbi tó ti gbóná jù, mo gbé e mọ́ àyà. A dé ibi bẹ́ǹṣì, mo gbé e jókòó, mo ya fọ́tò. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ti parí. Ká ní mo sọ̀ kalẹ̀ nígbà yẹn ni, mi ò ní ní ẹ̀rí kankan tí màá wá jẹ́ lónìí.

Fóònù mi dún. Ìyá mi ni, wọ́n fẹ́ rí ojú mi.

"Káyọ̀dé, èéfín kí nìyẹn? Ta ló ń sun oko?"

"Kì í ṣe oko, Mààmi. Omi gbígbóná ló ń ti inú ilẹ̀ jáde."

"Láìsí ẹni tó dáná sí i?"

"Kò sí ẹnì kankan, mà."

"Ayé òyìnbó. Omi ìwẹ̀ ọ̀fẹ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ṣọlá wà níbí. Ìyá Ṣọlá, ẹ wá wo ọmọ mi, ọ́fíìsì wọn ló rán an lọ sí Italy. Káyọ̀dé, gbé fóònù jìnnà, kí wọ́n rí ẹ dáadáa."

Okùn Molly wà lọ́wọ́ mi. Ohun tí Ìyá Ṣọlá bá rí láàárọ̀, gbogbo òpópónà á ti gbọ́ ọ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Mo ti ń gbọ́ ọ létí mi: ajá ni Káyọ̀dé ń fà kiri fún òyìnbó. Ojú tì mí. Mo tú okùn náà, mo kì í bọ àpò, mo fi ẹsẹ̀ rọra ti Molly sẹ́yìn kó má bàa hàn. Mo wá nàró bíi máníjà.

Molly rí omi. Ní Thamesmead, tí mo bá ti tú u lókùn, omi ló ń lọ mu. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó gba abẹ́ igi ọgbà kọjá. Igbe rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tí mo fi máa yíjú, ilẹ̀ etí omi náà ti wó lábẹ́ rẹ̀, ó ti rì dé àyà.

Mo ju fóònù nù, mo fo ọgbà. Mo gbá a mú lọ́rùn, mo fà á jù sẹ́yìn síbi gbígbẹ, ni ilẹ̀ bá tún já lábẹ́ ẹsẹ̀ òsì mi. Mo rì dé orúnkún. Mi ò ní ọ̀rọ̀ fún ìrora yẹn. Mò ń gbọ́ ohùn ìyá mi láti inú fóònù nílẹ̀: "Káyọ̀dé, dá mi lóhùn. Káyọ̀dé." Jésù nìkan ni mo lè pè. Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ ń sọ̀ bọ̀ láti òkè. Ọkùnrin náà dojú bolẹ̀ gbalaja, ó na ọ̀pá ìrìn rẹ̀ sí mi, ìyàwó rẹ̀ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, wọ́n fà mí yọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da omi tútù inú báàgì wọn sí mi lẹ́sẹ̀. Mo ní kí wọ́n dà á sí Molly. Ọkùnrin náà wò ó, ó mi orí. Ó sì dà díẹ̀ sí i, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Mi ò mọ orúkọ wọn títí di òní. Kí Olúwa bá mi san oore wọn.

Molly kú lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Itan Baba Ken ni orí rẹ̀ wà tí dókítà ẹran fi fún un ní abẹ́rẹ́ tó fi kú láìjẹ̀rora mọ́. Wọ́n ní baba kò sunkún. Orúkọ Jean ló ń pè.

Èmi wà ní ilé ìwòsàn. Dókítà obìnrin tó ń tọ́jú mi ní, "Ẹsẹ̀ yìí kò dára. Tí ẹran ara rẹ̀ bá ń jẹrà, a ó gé e láti ìsàlẹ̀ orúnkún." Lọ́jọ́ kejì, Baba Ken fi ọ̀pá rìn wọlé. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Ó jókòó.

"Kay, ṣé okùn ló já?"

Irọ́ náà ti délẹ̀ fún mi, mi ò tiẹ̀ ní láti wá a. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó já."

Ó fi ọwọ́ bo ojú. "Mo mọ̀. Okùn àtijọ́ ti Jean ni. Ó yẹ kí n ti ra tuntun. Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ rẹ wewu. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

Òun ló ń bẹ̀ mí. Okùn náà wà nínú ṣòkòtò mi, nínú ọ̀rá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ibi tó ti já.

Auntie Bísí gbé fóònù sáàárín yín kí n lè gbọ́ bí ẹ ṣe ń gbàdúrà fún mi. Mo gbọ́ ọ. Ẹ ṣeun. Wọ́n bó awọ itan mi, wọ́n fi lẹ ẹsẹ̀ náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, dókítà fi ìka tẹ̀ mí. "Ṣé o mọ̀ ọ́n lára?"

"Ó ń dùn mí, mà."

"Ó dáa. Dídùn yẹn ni mò ń wá."

Ògo fún Ọlọ́run. Wọn ò gé e. Ọlọ́run ṣe é fún èmi tí irọ́ ṣì wà lẹ́nu mi.

Nígbà tí mo délé, mo jẹ́wọ́ fún Auntie Bísí. Wọ́n ní, "Tí o bá sọ fún un, ṣé ajá á jí? Ọlọ́run ló fi ajá yẹn dí ikú rẹ. Dúpẹ́, kí o panu mọ́." Ọ̀pọ̀ yín náà ti dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà ìjọ, ẹ ní ajá ló kú dípò mi. Ẹ foríjì mí, mi ò lè ṣe àmín sí i. Ikú kankan ò wá mi wá sórí òkè yẹn. Òùngbẹ ló ń gbẹ Molly, èmi sì ń fi í pamọ́.

Mo ti sọ fún ìyá mi pé ajá ni mo ń mú rìn, àti pé èmi ni mo tú u lókùn lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n wá ní, "Torí Ìyá Ṣọlá?"

Ẹni tó bá wà nínú ìdààmú láàárín yín, tí dókítà ti sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo fún, ẹ má sọ̀rètí nù. Ọlọ́run kò dúró kí n kọ́kọ́ yẹ kó tó gbọ́ tèmi. Á gbọ́ tiyín. Ẹ ṣeun, Daddy Pastor. Ẹ ṣeun, gbogbo ìjọ. Auntie mi, ẹ ṣeun, ẹ má bínú pé mo sọ ọ́.

Baba Ken ṣì ń wá kí mi ní Glyndon. Pẹ̀lú orúnkún yẹn, á gun àtẹ̀gùn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá Auntie Bísí bi í pé ṣé kò ní gba ajá mìíràn tí á máa bá a gbélé. Ó ní rárá, ẹni tí kò lè yẹ okùn wò, kò yẹ kí wọ́n fi ẹ̀mí kankan lé e lọ́wọ́. Mo jókòó níbẹ̀, mò ń gbọ́ ọ. Láti ìgbà náà mo ti fi ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run wò sàn yìí rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì padà. Mo jẹ baba yìí ní òtítọ́, mi ò tíì san án. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ó wà nílé rẹ̀, ó gbà pé òun ló pa ajá ìyàwó òun.