Aṣọ́lé Tí A Hó Lé Lórí

Ọjọ́ tí mo rí aṣọ́lé kan tó fi ìka kan ṣoṣo ti bọ́ọ̀lù síta ni bọ́ọ̀lù ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi tẹ́tí sí ọ̀dọ́kùnrin méjì nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìjan ní ibùdókọ̀ Fájuyì.

“Ìwọ lo pariwo ‘Bàbá, ẹ lọ sinmi!’ sí aṣọ́lé wa?”

“Ṣebí orí bẹ́ǹṣì ló máa ń jókòó sí! Ta ló mọ̀ pé yóò mú pẹnáríìtì?”

“Ẹ̀gbọ́n àfẹ́sọ́nà rẹ mà ni!”

“Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi ni. Ọ̀la sì ni ìdána wa.”

“Tí o bá dọ̀bálẹ̀ fún un, á ní kó o sinmi síbẹ̀ dalẹ́.”

Mo béèrè iye tí wọ́n gbá.

“Ìjan ní góòlù kan, Ìgbẹmọ ò ní,” ni ọkọ ìyàwó dáhùn. “Nínú gbogbo Ìjan, èmi nìkan ni wọ́n nà.”