Fọ́ọ̀mù Tí Mo Gbàdúrà Lòdì Sí

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín o. Ọpẹ́ ni mo bá wá síwájú yín láàárọ̀ yìí. Ọlọ́run tí kì í tòògbé ló bá mi rí ọmọ mi. Halleluyah!

Ẹ mọ Fìyìnfólúwa, àkọ́bí mi. Yunifásítì ló wà, ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ní ọdún kejì, ó fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì kan, ọkàn mi dàrú. Mo kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ yìí, mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí Olúwa bá jẹ́ kó wọ ọdún kẹta tó kẹ́yìn, yóò máa kọ́ àwọn ọmọdé ìjọ ní gbogbo Sunday, yóò sì máa kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin títí yóò fi jáde. Mi ò bi í kí n tó jẹ́ ẹ. Olúwa sì gbọ́, ó wọ ọdún kẹta.

Nígbà tí sáà tó kẹ́yìn dé, nǹkan márùn-ún ló wà lọ́rùn rẹ̀: kọ́ọ̀sì mẹ́ta, èyí tó ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti àròkọ ńlá àṣekágbá. Ó tún gbọ́dọ̀ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀ ní ilé ìwé kan lẹ́bàá Valence Park. Èmi tí mo kàwé mọ ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo mú káádíbọ́ọ̀dù àti rúlà, mo fa ìlà, mo pín ọ̀sẹ̀ rẹ̀ fún un. Àdúrà ní aago mẹ́fà, mẹ́sàn-án, méjìlá àti mẹ́ta. Ààwẹ̀ ní Wednesday àti Friday. Ìdánrawò orin lẹ́ẹ̀mejì. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì. Gbogbo nǹkan ló wà níbẹ̀, àfi oorun.

Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ní Sunday kan ó ní, "Mummy, tutor mi, olùkọ́ tó ń tọ́ mi sọ́nà, ní mo lè sún ìdánwò kọ́ọ̀sì kan sí August. Fọ́ọ̀mù kan ni. Tuesday, aago mẹ́rin, wọ́n máa tì í."

Mo fò dìde. "Kí àwọn ẹgbẹ́ ẹ máa lọ, kó ku ìwọ nìkan? Ìdádúró kì í ṣe ìpín wa! Mo kọ̀ ọ́!"

"Mum, ẹyọ kan péré ni now."

Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin náà rántí, gbogbo wa la jọ pàtẹ́wọ́, tí a fi lé ẹ̀mí ìdádúró lọ. Mo tún fi ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kún un fún èmi àti òun, láti Monday.

Tuesday yẹn, ó kúrò nílé wa ní Rippleside ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ń lọ sí kíláàsì aago kan. Ní aago méjìlá, mo pè é fún àdúrà, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ní aago kan ààbọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún mi pé kò wá sí kíláàsì rárá. Mo bọ́ épírọ́ọ̀nù sílẹ̀ níbi iṣẹ́, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo sáré dé Barking station níbi tó ti máa ń wọ reluwé. Ojú mi ń wo gbogbo ọmọ tó kọjá. Mo pe Ìyá Ìjọ.

"Mà, Fìyìn sọnù! Àwọn ọ̀tá ti..."

"Dákẹ́ ná. Ta ló jẹ́ ẹ̀jẹ́ kíkọ́ ọmọdé?"

"Èmi ni, Mà."

"Ta ló ń san án?"

"Fìyìn ni, Mà."

"Ọ̀tá wo lo wá ń wá kiri, Ìyá Fìyìn? Ọmọ tí kò jẹun, tí kò sùn! Kúnlẹ̀ níbẹ̀, kó o yí àdúrà ẹ padà."

Mo kúnlẹ̀ láàárín èrò níbi tí wọ́n ti ń dúró de reluwé. Mo ní, "Olúwa, èmi ni mo jẹ́ ẹ̀jẹ́, ọwọ́ mi ni kí O ti gbà á. Jọ̀ọ́, fi ọmọ mi hàn mí."

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, reluwé kan wọlé. Mo rí orí kan tó fara ti fèrèsé, ẹnu là sílẹ̀. Fìyìn ni! Mo fò wọlé, ilẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn mi. Oorun ló gbé e lọ. Fóònù rẹ̀ ti kú, reluwé ti gbé e dé òpin ọ̀nà, ó gbé e padà, ó tún gbé e lọ, kò mọ̀. Ó lajú, ó rí mi, ó ní, "Mummy, ẹ má bínú, mi ò gba àdúrà aago méjìlá."

Ẹ̀yin ará, mo sunkún.

Ní Barking Riverside tí reluwé parí sí, mo ra omi àti sáńwíìṣì, mo ní kó jẹ, ààwẹ̀ ti tán. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi fóònù mi wá fọ́ọ̀mù náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni pásíwọọ̀dù kọ̀. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó wọlé. Wọ́n béèrè ìdí.

"Mummy, kí ni kí n kọ?"

"Kọ òtítọ́. Kọ ọ́ pé ó pọ̀ jù."

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó tẹ̀ ẹ́, ó lọ!

Láti Sunday tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ yín. Mo ti gbọ́ pé wọ́n ní mo le jù. Èmi náà ni mo ń kọrin, bí ọ̀gá akọrin tilẹ̀ fi mí sẹ́yìn pátápátá. Fìyìn ṣe mẹ́rin ní May, ó sùn, ó jẹun, ó ṣe ẹyọ kan tó kù ní August. Thursday tó kọjá, èsì jáde. Márààrún ló yege! Èyí tí mo pè ní ìdádúró, inú rẹ̀ ló ti gba máàkì tó ga jù.

Ògo ni fún Ọlọ́run tó gbọ́ àdúrà mi ní Barking station, tó sì kọ etí dídi sí èyí tí mo gbà lòdì sí fọ́ọ̀mù náà. Fìyìn ló jókòó lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é jáde, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dìde, kẹ́ ẹ bá èmi ìyá rẹ̀ jó!