Ẹ̀wà Tí Mo Tà fún Màmá Tolú

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, mo kí yín. Mi ò ní í sọ orúkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí i. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ń jẹ mí bí kòkòrò ṣe ń jẹ ẹ̀wà láti inú, tí èèpo rẹ̀ á ṣì máa dán. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa nígbà kan. Mo dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn, mo padà. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, àwọn ìyá méjì máa pàdé ní ṣọ́ọ̀bù mi. Bí mi ò bá sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, mi ò rò pé mo tún lè sọ ọ́ mọ́ láyé mi.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Kíláàsì kẹta ní girama ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, tí mo tẹ̀lé ọ̀gá mi wá sí Port Harcourt. Ọ̀gá mi ń ta ẹ̀wà, ìrẹsì àti àgbàdo ní Mgbuoba. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́, torí àwọn ni wọ́n máa ń lọ kó ọjà wá láti òkè Ọya. Èmi ni mò ń tà, èmi ni mo mọ ohun tó wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan.

Òjò Port Harcourt kì í ṣe eré. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ògiri yàrá ẹ̀yìn tí a ń kó ọjà sí á máa làágùn. Ẹ̀wà tó bá ti gba ọ̀rinrin yẹn sára, kòkòrò ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Torí náà a máa ń fín oògùn sí àwọn àpò náà. Oògùn yẹn kì í ṣe ti oúnjẹ. Èyí tí wọ́n fi ń pa aáyán nínú ilé ni. Gbogbo wa la mọ̀. Ọ̀gá mi sì pa á láṣẹ pé àpò tí a bá ti fín, a kò gbọdọ̀ tú u títí oṣù á fi kọjá, kí òórùn rẹ̀ lè lọ. Wọ́n gbà pé bí òórùn bá ti lọ, májèlé ti lọ nìyẹn. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà náà.

Màmá Tolú jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Onne, Sátidé nìkan ni wọ́n máa ń ráyè wá sọ́jà. Àwọn tó ń ta ẹ̀wà wà lẹ́bàá ilé wọn, wọ́n á kọjá lára wọn, wọ́n á wá bá mi. Wọ́n ní ọmọ ilé àwọn kò ní í wà níbì kan kí àwọn máa fọwọ́ júwe ọjà fún ẹlòmíràn tí kò gbọ́ èdè àwọn. Tí wọ́n bá dé, wọ́n á ní, "Ọmọ Ọ̀yọ́, ẹnu yín dùn ju ọjà yín lọ." Èmi náà á ní, "Mọ̀mí, ẹ̀yin ọmọ òṣómàáló, ẹ tún ń bú èèyàn lórí ọjà?" A jọ máa rẹ́rìn-ín, àwọn oníbàárà yòókù á máa wò wá.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ń rọ̀. Ẹ̀wà olóyin tó wà níwájú ti tán. Èyí tó kù wà lẹ́yìn, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fín in lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni. Màmá Tolú ti dé, agbòjò wọn ń kán sílẹ̀. Wọ́n ní Tolú kì í fẹ́ jẹ nǹkan mìíràn ju ẹ̀wà lọ. Mo lè sọ pé kò sí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí wọ́n bá lọ rà á níbòmíràn, tó bá sì dùn, wọn kò ní í padà wá mọ́. Mo wọ ẹ̀yìn lọ, mo tú àpò náà.

Wọ́n gbé ẹ̀wà náà sí imú. Wọ́n ní, "Kí ló ń rùn báyìí?"

Mo ní, "Tírélà tó gbé e wá ni, Mọ̀mí. Dísẹ́ẹ̀lì ló ta sí i lára. Tẹ́ ẹ bá ti ṣan án, ó ti lọ nìyẹn."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Mọ̀mí, ṣé mo lè tàn yín ni?"

Ẹ jọ̀ọ́, gbólóhùn yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. Wọ́n bi mí dáadáa, ní èdè ìyá mi. Èdè ìyá mi náà ni mo fi parọ́ fún wọn.

Láti ọ̀dọ̀ mi, wọ́n sọdá sọ́dọ̀ Màmá Ovunda, wọ́n lọ ra epo pupa. Opó ni Màmá Ovunda, ọmọ Isiokpo. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fún epo rẹ̀ nílé, tó ń gbé e wá sọ́jà. Òdìkejì ṣọ́ọ̀bù mi ló máa ń jókòó sí.

Ní Mọ́ńdè, ìròyìn dé ọjà pé Tolú ti wà ní ọsibítù. Ó ń bì, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Dókítà ní ohun tó jẹ ló ṣe é. Wọ́n bi ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ní ẹ̀wà àti epo ni. Nínú méjèèjì, epo ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ fura sí, torí lóòótọ́, àwọn kan wà tó máa ń po èròjà pupa mọ́ epo kó lè pọ́n.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo ra ẹ̀wà olóyin tó mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, mo gbé e lọ sílé wọn. Àbúrò Màmá Tolú ni mo bá nílé. Mo ní mo rí kòkòrò nínú èyí tí mo tà, kí wọ́n jẹ́ kí n pààrọ̀ rẹ̀. Ó kó o fún mi, ó sì dúpẹ́. Mo dà á sínú gọ́tà lẹ́yìn ọjà, kí àgbàrá lè gbé e lọ. Àgbàrá kò gbé e tán. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí adìẹ méjì tó kú sẹ́bàá gọ́tà náà. Ọ̀kan ṣì la ẹnu sílẹ̀. Mo fi bàtà tì wọ́n sínú omi.

Lẹ́yìn èyí ni Màmá Tolú wá sọ́jà. Ojú wọn ti wú. Wọn kò bá Màmá Ovunda sọ̀rọ̀, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ wá bá. Wọ́n ní, "Ìwọ tí ò ń rí obìnrin yìí lójoojúmọ́, ǹjẹ́ epo rẹ̀ mọ́?"

Mo ní, "Mọ̀mí, mi ò mọ ibi tó ti ń gbé e wá."

Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti bá a sọ garawa epo kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì Isiokpo lọ́pọ̀ ìgbà. Mo ti fi epo yẹn jẹ iṣu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi yẹn ti tó wọn, wọ́n lọ fẹjọ́ sun àwọn ìyálọ́jà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ìyálọ́jà ti da epo Màmá Ovunda sílẹ̀, wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́jà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó fi ìka kan epo tó wà nílẹ̀, ó fi sẹ́nu, kí wọ́n lè rí i. Mo yíjú sí ògiri.

Tolú kò kú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n títí di òní, tó bá mú ṣíbí, ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n. Ìyá rẹ̀ ń sọ fún àwọn obìnrin ìjọ wọn pé èmi nìkan ni mo bìkítà, pé mo fẹsẹ̀ ara mi wá pààrọ̀ ẹ̀wà. Àwọn obìnrin náà ti di oníbàárà mi.

Mi ò fín oògùn mọ́ láti ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀. Àwọn àpò yòókù tí a ti fín, a tà wọ́n. Mi ò sọ fún ọ̀gá mi, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò mọ àwọn tó rà á. Mi ò mọ ohun tó ṣe wọ́n. Nígbà mìíràn mo máa ń rántí oníbàárà kan tí kò wá mọ́, màá sì máa bi ara mi bóyá òun náà rà á.

Ọ̀gá mi ti padà sílé, wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ fún mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá Ovunda wọlé wá. Ó ti rù. Ó ní oko ẹ̀gẹ́ tí òun ń ṣe láti ìgbà náà kò gbọ́ bùkátà òun, òun fẹ́ padà sí àyè òun, ṣùgbọ́n àwọn ìyálọ́jà ní àfi bí Màmá Tolú bá gbà. Ó wá di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"My pikin, na you and that woman dey speak one language. Abeg, help me beg am. Tell am say my oil no do her pikin anything." Ó tún di ọwọ́ mi mú dáadáa. "But if e do am, if na me, make she forgive me."

Òun náà ti ń rò ó pé bóyá epo òun ni.

Mo ní, "Yes, Ma." Mo ní kó wá ní Sátidé, ọjọ́ tí Màmá Tolú máa ń wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ jù mí lọ, ẹ bú mi bó bá wù yín, ó tọ́ sí mi. Ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà mí, mi ò ní í parọ́. Mo sì mọ̀ pé mo lè bá a bẹ Màmá Tolú lóòótọ́, kí wọ́n gbà, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí mo mọ ara mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Tí àwọn méjèèjì bá dúró síwájú mi, ta ni kí n kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún? Ṣé ìyá tí mo fún ọmọ rẹ̀ ní májèlé jẹ ni, àbí ìyá tó ń tọrọ ìdáríjì lórí ẹ̀ṣẹ̀ mi?