Èmi Ni Mo Ni Ìwé Ewúrẹ́ Tí Wọ́n Bá Nínú Àpò Obì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, mo kí yín. Ọdún mẹ́rin ni mo ti gbé irọ́ kan sáyà, mi ò sì lè gbé e mọ́. Mo ti lé díẹ̀ ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ṣàgámù ni wọ́n bí mi sí, obì ni mò ń tà, obì náà ni bàbá mi tà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dópin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ báyìí ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Obìnrin kan jókòó tì mí, ó wọṣọ bí òṣìṣẹ́ báńkì, irun iwájú rẹ̀ ti ń funfun. Ó fa ìwé ìtàn àwọn ọmọdé yọ nínú báàgì, èyí tí àwòrán kún inú rẹ̀. Ó ń kà á, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó wà níwájú wa yíjú padà, ó bi í bóyá ọmọ rẹ̀ ló ni ín.

"Rárá o, tèmi ni," obìnrin náà dáhùn. "Láti kíláàsì kejì ló ti wà lọ́wọ́ mi." Ó sì ṣí ojú ewé tó kàn.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni ò pè é ní àgbàyà. Ṣùgbọ́n ojú tì mí débi pé mo sọ̀ kalẹ̀ kí n tó dé ibi tí mò ń lọ.

Èmi náà ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìtàn ewúrẹ́ kan tó dé fìlà, tó gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé ìwé, ló wà nínú rẹ̀. Bàbá mi ló rà á fún mi nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta. Bàbá mi ò mọ̀wé o. Ní ọjọ́ Jímọ̀, tá a bá ti kírun tán, á jókòó síwájú ilé obì, á ní kí n kà á fún òun. Bí mo bá dé ibi tí ewúrẹ́ ti jẹ ìwé ìṣirò olùkọ́, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó mọ ìtàn náà tán, síbẹ̀ á tún ní kí n kà á. Ó ti kú tipẹ́. Inú ìwé yẹn nìkan ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà mò ń kà á. Mo kà á títí mo fi bímọ, mo kà á títí àwọn ọmọ mi náà fi bímọ. Mi ò ní tọrọ àforíjì lórí ìyẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àgbà ọkùnrin ń wo bọ́ọ̀lù ní gbangba, wọ́n ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, a kì í bi wọ́n ní nǹkan kan. Ẹ fi èmi àti ewúrẹ́ mi sílẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ ni pé mo fi í pamọ́. Nínú ilé obì wa, àwọn obìnrin máa ń jókòó sórí àpótí, wọ́n á máa ṣa obì. Wọ́n á yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ, wọ́n á fi ewé tútù tẹ́ inú àpò kí èyí tó dára má baà gbẹ kó tó dé Kano. Abẹ́ òkìtì ewé yẹn ni mo máa ń ti ìwé mi bọ̀ bí mo bá gbúròó èèyàn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jù láàárín wọn ni Ìyá Ibido. Orúkọ àdúgbò rẹ̀ la fi ń pè é. Ó bá bàbá mi ṣiṣẹ́ kó tó bá èmi ṣe. Á kàn fi àtàǹpàkò tẹ obì, á sọ fún ọ bóyá yóò dé òkè Ọya láìbàjẹ́.

Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ ohùn àlejò lẹ́nu ọ̀nà, mo ti ìwé bọ abẹ́ ewé, mo jáde lọ pàdé wọn. Kí n tó padà wọlé, wọ́n ti kó ewé náà, wọ́n ti fi tẹ́ àpò, wọ́n ti da obì lé e, wọ́n sì ti rán ẹnu rẹ̀. Àpò tá a bá ti rán, tá a ti fi àmì sí, a kì í tú u mọ́ títí á fi dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà, mò ń wo ọkọ̀ tó gbé ìwé bàbá mi lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, awakọ̀ gbé e padà wá. Oníbàárà wa ló fi rán an, ó ní ta ló ń fi ìwé ṣeré nínú obì òun. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn lọ́dọ̀ wa. Ohun tí kì í bá ṣe obì tàbí ewé kò gbọdọ̀ wọ àpò. Tó bá wọ̀ ọ́, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ dìde níwájú ẹgbẹ́ àwa olóbì, kó sọ bó ṣe débẹ̀. Awakọ̀ gbé ìwé sókè láàárín ìpàdé, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ní, "Àgbàyà wo ló ni eléyìí?"

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ yàn mí ṣe alága. Agbádá ńlá wà lọ́rùn mi. Àmì tèmi ló wà lára àpò, nítorí náà èmi ni wọ́n bi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, "Ìyá Ibido ló ṣa àpò yẹn. Màmá ti dàgbà, orí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ pé mọ́. Wọ́n máa ń kó nǹkan àwọn ọmọdé kiri."

Kò sẹ́ni tó ní kí n fi ti orí kún un. Èmi fúnra mi ni mo fi kún un.

Ìyá Ibido wà níbẹ̀. Ó mọ ìwé náà dáadáa, ojú rẹ̀ ni mo ti ń kà á fún bàbá mi. Ó lè já irọ́ mi, kò já a. Ó wò mí, ó sì jókòó títí ìpàdé fi tú. Wọ́n yàn mí. Lẹ́yìn tí gbogbo wọn lọ tán, mo lọ mú ìwé mi nínú pàǹtí tí wọ́n jù ú sí.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Ewúrẹ́. Tó bá ṣa obì tán, àwọn tó kọ́ níṣẹ́ á tún un ṣà. Àwọn kan á bi í bóyá ewúrẹ́ ti dé láti ilé ìwé. Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi gbé àpótí rẹ̀ lọ sílé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé, gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá rẹ̀ kó má baà rìn sọnù. Gbogbo ọdún iléyá ni mò ń fi ẹran ránṣẹ́, mi ò jẹ́ lọ fúnra mi.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ rìn jìnnà. Ọjọ́ kejì ọkọ̀ Ìkẹ́nnẹ́ yẹn, mo lọ sí Ibido, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Èdè Rẹ́mọ wa ni Ìyá fi dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ báyìí kó lè yé gbogbo yín.

"Dìde. Mo ti jókòó dè ọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé wàá dìde kí ìpàdé tó tú. Ṣé inú yàrá mi lo ti sọ pé orí mi ò pé? Ibi tó o ti sọ ọ́ ni kó o ti lọ kó ọ̀rọ̀ rẹ jẹ. Bàbá rẹ ò mọ̀wé, kò sì tijú àtigbọ́ ìtàn ewúrẹ́ lójú gbogbo wa. Ìwọ tó mọ̀wé lo wá ń tijú."

Nígbà tí mò ń jáde, mo sọ òtítọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ ṣeun, Alága. Mo mọ̀ pé ẹ kàn fẹ́ bò wọ́n láṣìírí ni." Ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ máa ṣe ìpàdé. Ìyàwó mi ní kí n jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kí n fi ìwé sílé. Ọmọ mi tó wà ní Èkó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀ jàre, ta ló tún ń rántí?" Ìyá Ibido ń rántí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà níwájú ìsọ̀ mi lọ́sàn-án gangan. Ẹnì kan kọjá lánàá, ó bi mí bóyá mò ń múra ìdánwò. Mo ní mo ti yege kí wọ́n tó bí i.

Ẹ̀yin òǹkàwé, mi ò bi yín bóyá kí n jáwọ́ nínú ìwé mi. Mi ò ní jáwọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ipò alága, kí wọ́n gbà á. Mo máa dìde lọ́jọ́ Sátidé, mo máa pa ìwé dé, mo máa ka ìtàn náà láìwo ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ni ín. Ohun tó ń já mi láyà ni pé wọ́n tún lè sọ pé àánú Ìyá ló ń ṣe mí tí mo fi gba ẹ̀bi náà, bí ọmọ rẹ̀ ti sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Kí ni mo tún lè ṣe kí ọmọ yẹn tó lè ṣí ilẹ̀kùn fún ìyá rẹ̀?