Ìwé Tí Epo Kàn

Nínú bọ́lẹ̀kájà Akotogbo ni ìyá kan tó gbá ìwé ọmọdé mọ́ àyà ti yíjú sí obìnrin kan, ara ẹgbẹ́ tó ń yá àwọn ọmọ wa níwèé.

“Ẹ má bínú, mà. Epo ti ba ìwé yín jẹ́. Ọmọ mi ń sunkún, ó ní ẹ ò ní yá òun níwèé mọ́.”

“Báwo lepo ṣe débẹ̀?”

“Níbi tá a ti ń fún epo ló ti ń kà á fún wa. Mo máa ń ní kó dúró, kí n fọwọ́ kan àwòrán. Ọwọ́ mi ni, kì í ṣe tiẹ̀.”

Obìnrin náà gba ìwé náà, ó ṣí i, ó wo àmì ìka elépo tó wà lára àwòrán.

“Ìyá, èyí tó bá padà wá ní mímọ́ tónítóní ló ń dùn mí. Ẹ ní kó wá yá méjì.”